Yèyé Kò Sí Lórí Òkè

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí. Ẹ bá mi kí Dádì, kí wọ́n má gbàgbé oògùn ẹsẹ̀ wọn. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìjerò, ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, nítorí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú rẹ̀. Ẹ kí Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò yín. Tiwọn náà ń bọ̀.

Mo ti di ìyàwó ilé o! Mo mọ̀ pé ẹ rí i lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un wí, ẹnu mi ò tíì gbà á tán. Kọ́ládé, ọmọ Ìwó tí ẹ ní ó tínrín jù, ti di ọkọ mi. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá kọ́kọ́ wo ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, màá sì bú sẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní kò sí nǹkan kan, o wà níbẹ̀ ni. Ó ní kí òun tètè máa lọ síbi iṣẹ́ kí wèrè mi má baà ran òun.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow níbí. Inú ibẹ̀ gbóná bí ojú ààrò, ìta sì tutù bí imú ajá. Òjò tiwa máa ń bá ìjà dé, bó bá sì jà tán, á lọ. Tiwọn dà bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí onílé fẹ́ sinmi. Kí n tó pàdé Kọ́ládé, mo máa ń wọ yàrá, màá kí àga pé ẹ kú ilé. Nísinsìnyí, ẹnì kan ń dáhùn.

Inú ayọ̀ yìí ni ẹ ti purọ́ fún mi, Màmá. Ìdí nìyẹn tó fi korò tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí àwọn ará Èkìtì tó wà níbí tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. Ẹ má bínú. Fóònù ni irọ́ náà gbà wọlé. Ohun tí gbogbo ènìyàn bá ti kà, kò sí ẹni tó máa lè gbé e gun òkè lọ fi pa mọ́.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wá lè bá mi lọ: Yèyé ni gbogbo wa ń pe ìyá tó bí màmá mi. Erìjìyàn ni wọ́n gbé títí. Ọkọ wọn kú nígbà tí wọ́n ṣì ń pọn Àǹtí Bọ́sẹ̀, oko kòkó àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì fi tọ́ àwọn ọmọ dàgbà. Àwọn ni wọ́n ń lu agogo ìjọ láàárọ̀. Nígbà tí okùn agogo já, tí àwọn alàgbà ń ṣèpàdé lórí okùn, Yèyé ti gbé ríìmù ọkọ̀ kan kọ́ sára igi máńgòrò, wọ́n ń fi irin lù ú. Ìpàdé ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí gbogbo ìlú ti mọ ohùn ríìmù.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni àwọn ènìyàn fi mọ Yèyé ju ríìmù lọ. Wọn ò gbàdúrà fún ẹnikẹ́ni rí láìkọ́kọ́ bi í pé, ta ni ò ń bá jà? Bí ẹni náà bá dárúkọ ẹnì kan, wọ́n á ní kó lọ parí ẹ̀ kó tó padà wá. Wọ́n ní àdúrà ẹni tó ń bínú dà bí omi tí a pọn sínú agbọ̀n. Ajíhìnrere kan àti ìyàwó ẹ̀ wá bá wa láti ìlú míràn, ó ní kí Yèyé gbàdúrà fún òun kí òun tó gun orí àga ìwàásù. Wọ́n bi í. Ó kọ́kọ́ ń rojọ́ yípo, ó wá jẹ́wọ́ pé òun àti ìyàwó òun ò sọ̀rọ̀ láti ìjẹta nítorí ẹran inú ọbẹ̀. Yèyé ní kó lọ bẹ ìyàwó ẹ̀, pé Ọlọ́run á dúró dè é, ìjọ náà á sì dúró. Ìjọ dúró lóòótọ́. Nígbà tó padà dé, ìyàwó ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìwàásù ọjọ́ náà kúrú, ó sì dára.

Ẹ̀yin náà ò gbàgbé, Màmá. Lọ́dún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, ẹ̀yin àti Bàbá Ìjerò ò kí ara yín nítorí ààlà oko kòkó. Yèyé ní àwọn ò ní gbàdúrà fún ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń bá ẹ̀gbọ́n jà. Wọ́n gúnyán, wọ́n gbé e fún ẹ̀yin méjèèjì nínú àwo kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Tìbínú-tìbínú lẹ fi bu òkèlè àkọ́kọ́. Kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀ àwo, Bàbá Ìjerò ti ń bi yín pé ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jẹ ìgbín yẹn tán ni. A gbọ́ ẹ̀rín yín láti ìta. Mo sì yege.

Ohun tí ẹ wá ṣe fún mi rèé. Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, mo pè, mo ní kí ẹ fún Yèyé ní fóònù. Ẹ ní wọ́n ti gun orí òkè àdúrà lọ lápá Ẹ̀fọ̀n, pé wọ́n ń gbààwẹ̀ nítorí mi. Mo tún pè, ẹ ní wọn ò tíì sọ̀kalẹ̀. Mo gbà yín gbọ́. Ibo ni Yèyé ì bá tún wà? Wọn kì í sì í gbé fóònù gun òkè náà. Ìgbé ayé Yèyé gan-an ni ẹ fi hun irọ́ yẹn. Ká ní ìyá tí kì í gbàdúrà ni wọ́n, ẹ kì bá tí rí irọ́ tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ pa.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ pè mí. Ẹ ní Yèyé ti sọ̀kalẹ̀, ohùn wọn ti há nítorí àdúrà, kí n kúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀ tòun ti aṣọ ìyàwó, Kọ́ládé kúnlẹ̀ tòun ti kóòtù. Ohùn náà súre, ó súre, omijé dà lójú mi. Àmín Kọ́ládé ga débi pé òyìnbó ilé kejì wá kanlẹ̀kùn, ó ní ṣé kò sẹ́ni tó ṣubú. Ohùn náà ò bi mí pé ta ni mò ń bá jà. Mo fura sí i díẹ̀, mo wá ní ayọ̀ ló jẹ́ kí Yèyé gbàgbé.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni, tí ohùn wọn jọ ti ìyá wọn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá ìjọ, tí ẹ gbàgbé láti kìlọ̀ fún, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Wọ́n kọrin, wọ́n bá mi yọ̀, wọ́n wá ní kí n má jẹ́ kí ikú Yèyé bà mí nínú jẹ́ jù, pé ká ní wọ́n wà láyé, wọn ì bá jó. Mo tún un gbọ́. Mo rò pé Yèyé ẹlòmíràn ni.

Mo pè yín. Ẹ sunkún, ẹ ní Yèyé ti kú kí n tó kọ́kọ́ pè, pé ìyàwó kì í gbọ́ òkú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìyá Ìsẹ́yìn tó ń ta ìkòkò lójúde wa máa ń sọ pé ní ìlú tiwọn, ìyàwó tí kò bá sunkún lọ sílé ọkọ ni wọ́n ń fura sí. Mo mọ ẹkún sun, Màmá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ gba fóònù, wọ́n ní ṣé àdúrà náà ò dára ni. Ó dára, Àǹtí. Ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ká ní ohùn ara yín lẹ fi gbà á.

Bàbá Ìjerò ló wá sọ èyí tó kù: Yèyé ṣì wà ní mọ́ṣúárì. Wọ́n ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé, kí ẹ sì kùn ún, kí èmi àti ọkọ mi wálé ní Kérésì, ká gbé fọ́tò Yèyé yí ìlú ká. Wọ́n ní a ò lè sin ìyá bí ẹni sin adìẹ.

Bàbá, gbogbo wa la jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lọ́jọ́ Àjíǹde tí Yèyé sọ ọ́. Wọ́n ní kí ọbẹ̀ tí àwọn bá sè kẹ́yìn tó kan, kí ẹ ti sin àwọn. Kí ẹ wọ aṣọ funfun ìjọ fún àwọn, kí ẹ kọrin, kí ẹ lu ríìmù. Wọ́n ní ẹ má gbé àwọn sínú òtútù. Ẹ mọ bí Yèyé ṣe kórìíra òtútù. Nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, omi gbígbóná ni wọ́n ń wẹ̀, tí ẹ fi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé inú odò gbígbóná Ìkògòsì ni wọ́n bí wọn sí. Inú òtútù ni mò ń gbé, mo mọ̀ ọ́n. Èmi ní ẹni tó ń gbá mi mọ́ra. Yèyé ò ní ẹnì kankan níbi tí ẹ tẹ́ wọn sí.

Lánàá, Kọ́ládé ní ká kúnlẹ̀ gbàdúrà fún ilé wa tuntun. Mo kúnlẹ̀, ìbéèrè Yèyé ni mo kọ́kọ́ gbọ́ létí. Kọ́ládé ní ṣé kí òun máa bá a lọ ni. Mo ní rárá, mò ń bá màmá mi jà. Ó dìde, ó lọ mú bírò àti ìwé wá fún mi.

Nítorí náà, ẹ má dúró dè wá. A ò ní wá gbé fọ́tò kankan yí ìlú ká ní Kérésì. Ẹ lọ gbé Yèyé jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ fi páànù tó ń jò sílẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n ti gbàdúrà fún gbogbo wa. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ wọ́n. Kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbàdúrà, kí wọ́n fi ohùn ara wọn gbà á. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan bi gbogbo yín ní ìbéèrè Yèyé. Bó bá kàn mí, ẹ pè mí. Bí mo bá ti gbọ́ tí ríìmù ń dún, màá dáhùn pé n kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ẹ kí gbogbo ará ilé. Ẹ kí ìyá ìjọ, ẹ sọ fún wọn pé wọn ò ṣẹ̀. Kọ́ládé dọ̀bálẹ̀ kí yín. Ìre tó yẹ kí n sú fún yín níbí pọ̀, Màmá. Gbogbo ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, ó ń dúró de ohùn ríìmù.

Èmi ni ọmọ yín,
Títílayọ̀