Èmi Ni Mo Ní Kí Ọmọ Mi Pa Oògùn Tì

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú ìfaradà ẹjọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ó pẹ́ tí ọmọ mi obìnrin ti ń lo oògùn ìfun, torí ó máa ń ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Nígbà tó lóyún, mo ní kó pa á tì, kó má baà ṣe oyún ní jàǹbá. Ó ní, "Màmá, dókítà ò ní kí n dá a dúró o." Mo ní, "Dókítà ló bí ẹ ni?" Ló bá gbọ́ tèmi.

Ẹ̀jẹ̀ náà ti padà dé. Lọ́sibítù tá a ti lọ fún àyẹ̀wò oyún, ọmọ mi wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì ń sọ fún obìnrin kan pé kí aboyún má dá oògùn ìfun dúró fúnra rẹ̀, kó bi dókítà, torí àìsàn náà gan-an ló lè ṣe oyún ní jàǹbá. Mo gbọ́, mi ò sì tíì sọ fún ọmọ mi. Tí mo bá la ẹnu, màá kàn bi í bóyá ó ti jẹun. Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́? A jọ máa ń gbọ́ ètò yìí ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Olóòtú, tí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí, màá ní kó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, kó gbọ́. Màá ti wọ bàtà mi, ká lè jọ lọ bá dókítà.