Awakọ̀ Áńbúláǹsì Tí A Dá Lẹ́bi Nítorí Ẹ́ńjìnnì Tí Ọ́ìlì Kò Gòkè Nínú Rẹ̀

Ọgbà Àtúnṣe Ọkọ̀,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn Àgbà.
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, Oṣù Kẹta, 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Bójú Tó Ìwà Òṣìṣẹ́,
Ilé Ìwòsàn Àgbà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ TÚN ẸJỌ́ AWAKỌ̀ ÁŃBÚLÁǸSÌ KEJÌ GBỌ́

1. Èmi ni àgbà mẹkáníìkì ní ọgbà yìí láti ọdún mọ́kànlélógún. Èmi ni mo tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà palẹ̀, èmi náà ni mo tò ó padà. Ẹ kò pè mí nígbà tí ẹ ń gbọ́ ẹjọ́, èmi náà kò sì yọjú. Ẹ̀ṣẹ̀ mi àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn.

2. Ẹ́ńjìnnì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tò máa ń gbẹ nínú. Bí a tilẹ̀ rọ ọ́ìlì kún un, ìsàlẹ̀ ni ọ́ìlì náà jókòó sí. Kò tíì dé ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Nítorí náà, a kì í ṣíná sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A ó kọ́kọ́ yọ pulọ́ọ̀gì, a ó máa yí ẹ́ńjìnnì lásán kí pọ́ǹpù lè fa ọ́ìlì gòkè, títí iná pupa iwájú awakọ̀, tó ń kìlọ̀ pé ọ́ìlì kò gòkè, yóò fi kú. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni.

3. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ de bóòtù tó kẹ́yìn ni ọ̀gá ọgbà wọlé pẹ̀lú àwọn àlejò tó wá ṣàyẹ̀wò. Ó ní kí n ṣíná sí i kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Mo ní ọ́ìlì kò tíì gòkè. Ó ní, “Ìyá Sípánà, ṣé ẹ fẹ́ dójú tì mí ni?” Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo ṣíná sí i. Mo ka ení dé ogún kí iná pupa náà tó kú. Ẹ́ńjìnnì náà han goooro, lẹ́yìn náà ló balẹ̀. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

4. Ó yẹ kí n tún un tú. N kò tú u.

5. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, awakọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí kì í sáré àyàfi tó bá gbé aláìsàn, ń gbé abiyamọ kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá bọ̀ wá síbí. Orí afárá ni ẹ́ńjìnnì náà ti gan pa. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju ara rẹ̀ síwájú àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá. Ìkeje ló dúró. Obìnrin náà kú kí wọ́n tó gbé e wọ inú rẹ̀.

6. Ìgbìmọ̀ yín ní awakọ̀ náà kò yẹ ọ́ìlì wò láàárọ̀, ẹ sì dá a dúró níṣẹ́. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà dé, èmi ni mo fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ: ọ́ìlì pé. Nígbà tí mo tú u, mo rí i pé àwọn bíárìn, irin tí irin ń yí lórí rẹ̀, ti ha yánnayànna. Ọ̀gá ọgbà ní kí n panu mọ́, pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítíárìn ló ni ẹ̀bi ọ̀ràn. Ọdún kan ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Mo panu mọ́.

7. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá bá mi. Ó ti lọ tọrọ àforíjì nílé ọkọ olóògbé lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti bàjẹ́, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo yẹ ọ́ìlì wò lọ́jọ́ yẹn, ó pé. Kí ni mo tún ṣe tí mi ò mọ̀? Ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ ohun tí mo fẹ́ bẹ ọkùnrin náà fún.” Mo ní kó dìde.

8. Mo bẹ yín, ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn bíárìn náà wà nínú àpò tí mo fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Ẹ pe mẹkáníìkì mìíràn kó wò wọ́n. Ní tèmi, ìyà tó bá tọ́ ni kí ẹ fi jẹ mí.

9. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bá mi kọ̀wé sí ọkọ olóògbé pé ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kọ́ ló ṣẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì kọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ síbẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,

Ìyá Sípánà
Àgbà Mẹkáníìkì, Ọgbà Àtúnṣe Ọkọ̀.