Ìrẹsì Tí Mo Dì Mọ́wọ́

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n jẹ́wọ́ fún yín. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, n kò ju gbogbo ìrẹsì tí ìyàwó fi ń san gbèsè ìyá rẹ̀ kó tó lọ ilé ọkọ sẹ́yìn sínú etí aṣọ tí ẹ tẹ́ lẹ́yìn mi. Mo fẹnu sọ pé mo ti san gbèsè títọ́ tí ẹ tọ́ mi, àmọ́ mo di díẹ̀ mọ́wọ́. Àǹtí Nirupama pariwo pé, "Bithika, ju gbogbo ẹ̀ jàre! Àbí o fẹ́ fi ìyókù se oúnjẹ alẹ́ ọkọ ni?" Gbogbo yín rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé bí gbèsè bá ṣẹ́ kù, ọ̀nà ilé kò ní dí. Ìrẹsì náà ṣì wà nínú àpótí mi.

Ara mi le. Bàbá Ketaki kì í pariwo tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lójú oorun, mo máa ń bá ara mi lágbàálá yín, odò ń rọra dún, ẹ̀ ń pè mí wá jẹun.

Ọ̀la ni ìgbéyàwó Ketaki ọmọ mi. Ó bi mí láàárọ̀ pé, "Mọ́mì, ṣé dandan ni kí n ju gbogbo ẹ̀?"

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Lọ́la, kí n tó tẹ́ etí aṣọ mi lẹ́yìn Ketaki, màá sọ sí i létí pé kó di díẹ̀ mọ́wọ́, kó sì máa bọ̀ wálé nígbàkigbà.