Ẹni Tó Kanlẹ̀kùn Nínú Fíìmù

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú ìfaradà àwọn ará ìlú ńlá yẹn tí wọn kì í kí ènìyàn láàárọ̀. Ṣé o ń jẹun dáadáa? Ṣé o ń rí oorun sùn? Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn ní tirẹ̀ o. Gbogbo wa wà láàyè níhìn-ín, orúnkún mi nìkan ló máa ń bá mi jà bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n èmi àti òun ti mọwọ́ ara wa.

Tẹlifíṣọ̀n tí o fi ránṣẹ́ ń ṣe dáadáa. Mo máa ń fi aṣọ bò ó lọ́sàn-án nítorí eruku, mo ti ti rìmóòtù rẹ̀ bọ inú ọ̀rá, mo so ó lẹ́nu, orí ọ̀rá náà ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, ayé dùn. Bí mo bá ti wẹ̀ tán nírọ̀lẹ́, tí mo na ẹsẹ̀ sórí àga kékeré, tí abọ́ ẹ̀pà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò jowú ọba kankan. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn mí ni pé ọ̀gbẹ́ni tó ń ka ìròyìn kì í jẹ́ mi lóhùn bí mo bá ní kó wá bá mi jẹun. Mo máa ń pè é kí n tó fọwọ́ kan oúnjẹ, torí kò dára kí ènìyàn máa jẹun lójú ẹni tó ń wo ni. Yóò kàn tẹjú mọ́ mi ni. Mo gbà pé iṣẹ́ ni kì í jẹ́ kó ráyè.

Bí wọ́n bá dá eré dúró láti polówó ọjà, mo máa ń pa ohùn rẹ̀ pátá kí àwọn òṣèré lè sinmi, kí wọ́n ráyè mu omi. Bí wọ́n bá sì ń sọ àṣírí fún ara wọn, mo máa ń rẹ ohùn náà sílẹ̀, torí o mọ Ìyá Aríwísí aládùúgbò wa, ohun tó bá wọ etí rẹ̀ lónìí, ọ̀la ni yóò wọ ọjà. Obìnrin pupa kan wà tó gba ọkọ ọlọ́kọ nínú eré ọjọ́ Ajé. Ǹjẹ́ o mọ̀ pé ó tún jáde lọ́jọ́ Ẹtì, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní ká wá ra ọṣẹ? Mo lọ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ pé ọṣẹ yẹn kò gbọdọ̀ wọ ilé mi. Ó ní ọṣẹ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní ìyàwó ilé náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gba ọkọ rẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ rẹ, mo ka lẹ́tà rẹ títí ó fi fẹ́ ya. O ní o kì í hàn nínú fíìmù, pé ìwọ lo ń ṣe ìró tó wà nínú rẹ̀: bí òṣèré bá ń rìn, ìwọ lo ń rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ nínú yàrá kan, bí ó bá kan ilẹ̀kùn, ìwọ lo kàn án. Ó yé mi dáadáa. Ohun tí kò yé mi ni ohun tó ṣe ẹsẹ̀ àwọn òṣèré fúnra wọn tí kò lè dún. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ló ń bá àwọn gbajúmọ̀ rìn, wọ́n sì ti kí mi kú oríire.

Bàbá rẹ nìkan ni kò kí mi. O mọ bó ṣe dùn wọ́n tó pé o fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀. Wọ́n ní kí o lè ríbi jókòó ni àwọn ṣe rán ọ níwèé, kì í ṣe kí o lọ máa bá ẹlòmíràn rìn. Tábìlì tí wọ́n kàn fún ọ nígbà náà ni mo gbé tẹlifíṣọ̀n lé, wọ́n wò ó, wọ́n bá tiwọn lọ. Ilẹ̀kùn iwájú tí o fà pa lọ́jọ́ tí ẹ jà yẹn, tó sì há, wọn kò tún un ṣe, àwọn tí wọ́n jẹ́ odindi káfíńtà. Èjìká la fi ń ṣí i. Oníbàárà tó bá wá gbéṣẹ́ fún wọn á kọ́kọ́ wo ilẹ̀kùn, á wá wo bàbá rẹ. Bí mo bá dárúkọ rẹ, wọ́n á ní àwọn kò ní ẹnì kankan nínú àpótí yẹn. Ibi iṣẹ́ wọn lẹ́yìn ògiri ni wọ́n máa ń wà bí mo bá tan fíìmù, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń dí àwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọdé. Bí ìtàn bá ti ń gbóná, ayùn wọn á dákẹ́.

Wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Fíìmù tuntun tí o ní o bá wọn ṣe yẹn ni wọ́n gbé jáde, Ìyá Aríwísí àti oníṣọ́ọ̀bù sì wá wò ó lọ́dọ̀ mi. Ìtàn ìyá olówó kan ni, tó lé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nílé. Òjò ń rọ̀ nínú fíìmù, òjò ń rọ̀ níta, a kò mọ èyí tó ń dún mọ́. Ni ọmọ náà bá padà wá. A kò rí i, ìyá náà nìkan là ń wò lórí àga, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n kàn án, gbà, gbà. Lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́ rọra fà wálẹ̀ lára pákó, ṣàà.

Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ mi. Ta ló ń kanlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ láyé yìí bí kì í bá ṣe ìwọ? Láti ìgbà tí ọwọ́ rẹ kò tíì tó ibi kọ́kọ́rọ́ lo ti ń kàn án bẹ́ẹ̀, tí bàbá rẹ á máa pariwo pé o ń ha ọ̀dà àwọn. Kí n tó lanu, ayùn ti dákẹ́. Bàbá rẹ jáde wá, ìyẹ̀fun pákó ní ìpéǹpéjú, wọn kò wo tẹlifíṣọ̀n, wọn kò wo ẹnikẹ́ni, wọ́n gba àárín wa kọjá, wọ́n fi èjìká ṣí ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó wà níta àfi ewúrẹ́ tó ń sá fún òjò. Wọ́n sì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ọ̀nà.

Ìyá Aríwísí bú sẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, inú fíìmù ni wọ́n ti kàn án. Bàbá rẹ bi í pé ta ló sọ fún un pé àwọn gbọ́ ìkànlẹ̀kùn, wọ́n ní ooru ló mú àwọn, atẹ́gùn ni àwọn ń wá. Òjò sì ti rin ẹ̀wù wọn láyà. Mo wò wọ́n, omi bọ́ lójú mi, n kò ní purọ́ fún ọ. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì bàbá rẹ ló pẹ́ kó tó jí.

Ní ti ìyá olówó yẹn, kò ṣílẹ̀kùn rárá títí eré fi parí. Bá mi sọ fún ọ̀gá yín pé inú mi kò dùn sí i, kí wọ́n má tún fi ọmọ mi sílẹ̀ nínú òjò. Ṣé wọ́n tiẹ̀ fún ọ ní nǹkan fi borí? Kí ló dé tí o kò pariwo kí ìyá náà lè mọ̀ pé ọmọ èèyàn gidi ló wà níta?

Bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo jẹnẹrétọ̀, torí ibi tí ìtàn bá ti dùn jù ni iná máa ń lọ. Fi ti ẹ̀pà kún un, Ìyá Aríwísí ń jẹ ẹ́ ju bó ṣe ń wo fíìmù lọ. Bàbá rẹ kò béèrè nǹkan kan. Wọ́n kàn bi mí lánàá, bí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀, pé ṣé ibi iṣẹ́ yín máa ń fún ènìyàn láyè ìsinmi.

Ẹsẹ̀ tí o ń yá àwọn ènìyàn yóò gbé ọ pàdé ire. O kò ní kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́nì kan nílé. Ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró rẹ, wọn yóò dìde fún ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ.

Àfikún: Bàbá rẹ bá mi níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọ. Mo ní n kò sọ ọ́. Wọ́n wá gba bíárò lọ́wọ́ mi, wọ́n jókòó, ohun tí wọ́n sì kọ nìyí:

Ilẹ̀kùn kò há mọ́.