Ọwọ́ Òsì Tí Ẹ Lé Kúrò Nínú Àwo

Ọ̀fà,
Oṣù Kẹta, 1991.

Alhaji wa ní Kánò,

Mo kí yín, mo kí Alhaja àtàwọn ọmọ. Òjò àkọ́rọ̀ ti ká páànù ilé ìdáná wa lọ, ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ le.

Látìgbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ nínú ọpọlọ ọkọ mi, àbúrò yín, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wá ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún ló ṣì ń gbọ̀n. Òun náà ló fi ń bu oúnjẹ, tó ń dà á sára. Kò gbà kí n máa bọ́ òun, kò sì fẹ́ fọwọ́ òsì jẹun. Ó ti rù hangogo. Nọ́ọ̀sì ní ebi ò ní jẹ́ kí apá náà lágbára.

Ó ní ẹ̀yin lẹ fi pàṣán lé ọwọ́ òsì òun kúrò nínú àwo lọ́mọdé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá; Ọlọ́run á mú yín dé bá a láyé. Alhaji, ẹnu yín nìkan ló lè dá ọwọ́ òsì náà padà sínú àwo.

Èmi ni,
Àṣàbí, ìyàwó yín.