Ẹ Dín Ti Màmá, Ẹ Má Sè É

Bàbá Ishbel,

Màmá yín jẹun láàárọ̀ yìí! Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Bury ni mo ti ń se sọ́séèjì ẹlẹ́jẹ̀ lódindi nínú omi, bí a ṣe ń ṣe níbí, tí wọ́n ń gbójú kúrò, tí ara wọn ń joro. Lónìí mo gé èyí tó ti Stornoway, ìlú yín, wá pẹlẹbẹ, mo dín in títí etí rẹ̀ fi gbẹ. Òórùn rẹ̀ jí wọn. Wọ́n pè mí ní Peigi, àbúrò wọn tó ti kú.

“Peigi, ọkọ̀ ojú omi bàbá ti dé?”

“Ó ti dé, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Kí lo wá ń wò? Gbé oúnjẹ wá, ọ̀lẹ!”

Ìyókù wà lórí tábìlì. Bí wọ́n bá pè yín ní bàbá wọn, ẹ má ṣàlàyé. Ẹ sáà ní ẹja pọ̀ lónìí.

Winnie