Ọwọ́ Lábẹ́ Tábìlì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kejì, 2025
Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Savalou lọ́jọ́ Ẹtì. Bad-tempered — orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn, èmi àti ìwé yìí nìkan la mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé mi ṣubú nínú ìdánwò iṣẹ́. Tó bá tún gbé mi ṣubú, iṣẹ́ olùkọ́ bọ́ nìyẹn, ó di oko kajú ní Lougba. Ohun tó ní kí n kọ́ àwọn ọmọ: bí a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ àpèjúwe alákànpọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì sí sílébù, àti sílébù tí a ń fi agbára pè. Mo gbé.

Ìṣẹ́gun, 4
Kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Bad-tem-pered: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba bí ebè. Ọmọ Ìṣà, ẹ̀yà wa, mọ ohùn òkè, ó mọ ohùn ìsàlẹ̀. Ta ló ń fi agbára pe sílébù ní Bantè? Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo jókòó sí kíláàsì, mo sunkún.

Ọjọ́rú, 5
Mo ti rí i. Iyán ni mo ń gún lánàá tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní fún wọn: sílébù tó lágbára, ẹ fi ìkúùkù lu tábìlì bí ẹni ń gúnyán. Ìyókù, ẹnu lásán. Homesick: gbì lórí home. Bad-tempered: gbì lórí tem. Kíláàsì mì tìtì. Sévérin, dírẹ́tọ̀ ilé ìwé wa, sáré dé: Màdámù Mirabelle, ṣé ìjà lẹ ń jà ni?

Ọjọ́bọ̀, 6
Bàbá Àgbà kú. Bàbá Léon mi, tó tọ́ mi, tó rán mi lọ sílé ìwé. Òkú ti wà ní mọ́ṣúárì ní Savalou. Ní àdúgbò wa, títí a ó fi sin àgbà, odó kì í dún, ẹnikẹ́ni kì í lu pákó, ìbáà ṣe tábìlì. Àdúgbò wa náà ni àwọn ọmọ kíláàsì mi ti wá. Dírẹ́tọ̀ bá mi bẹ Bad-tempered pé kó sún ọjọ́ síwájú. Alábẹ̀wò ní òkú kì í dá ìdánwò dúró.

Ẹtì, 7
Bad-tempered jókòó lẹ́yìn, ó mú bírò dání. Mo pe homesick. Ọwọ́ gbogbo wọn wà lábẹ́ tábìlì. Ẹnu wọn ti padà sí ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní kí wọ́n tún un pè. Bákan náà. Ó fi ìdérí dé bírò rẹ̀, bí ẹni tó ti parí. N kò mọ bí ọwọ́ mi ṣe gbéra — gbì. Mo ń lu tábìlì ṣáá, wọ́n ń fi ẹnu tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Kafayath, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ń sunkún bó ṣe ń pè é. Bad-tempered bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo yege. Inú mi kò dùn. Nínú gbogbo àdúgbò, ọmọ tí Bàbá tọ́ nìkan ló lu pákó lórí òkú rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 15
A sin Bàbá. Odó ń dún nílé gbogbo.

Ọjọ́ Ajé, 17
Mo kọ kind-hearted sójú pátákó. Mo ní kí wọ́n lu tábìlì, pé èèwọ̀ ti kúrò nílẹ̀. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi, ọwọ́ tó lu pákó lọ́jọ́ ìdánwò. Ọwọ́ wọn wà lábẹ́ tábìlì.